Bí Mo Ti Ná Àmì 27 Mi

Eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í sì í ṣe eré tí àwọn bàbá wa mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ọ̀rọ̀ eré kò yẹ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, kí ó fi ara balẹ̀ díẹ̀, nítorí eré yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rẹ́ ọdún 9 jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ìgbà tí mo ń bà á jẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ni ó mú eré náà wá. Wọ́n ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà wá kàwé sí i ní yunifásítì wa. Nígbà tí wọ́n dé, ìwé ńlá kan tí ó ní páálí líle wà nínú àpótí wọn, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí ó kún fún dáìsì. Kì í ṣe irú dáìsì tí a fi ń ta lúdò nìkan ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan ní ojú 4, ọ̀kan ní ojú 8, ọ̀kan ní 10, ọ̀kan ní 12, èyí tí ó sì jẹ́ olórí gbogbo wọn ní ojú 20. Orúkọ eré náà ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lake Geneva, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹ̀dà 1,000 péré. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé, Gygax ní 2008, Arneson ní 2009, ṣùgbọ́n eré wọn wà káàkiri ayé, títí dé yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró.

Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti sọ. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni Adarí. Òun ni ó mọ ìlú tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, òun ni ọba, òun ni ọlọ́ṣà, òun ni òjò. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan. Adarí yóò ní, “Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ dé etí odò kan, ẹ sì rí iná ní òdìkejì. Kí ni ẹ ó ṣe?” Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí ó lè bọ́ sí i tàbí kí ó má bọ́ sí i, yóò ju dáìsì olójú 20, yóò fi iye tí ó wà lórí ìwé ẹ̀dá rẹ̀ kún un, Adarí yóò sì wò ó bóyá ó tó. Kò sí ẹni tí ń jẹ, kò sì sí ẹni tí a ń jẹ. Ó dà bí àlọ́ àpagbè tí àwọn tí ń gbe orin ti gba ìtàn mọ́ apàlọ́ lọ́wọ́.

Nǹkan mẹ́fà ni a fi ń wọn ẹ̀dá. Iṣẹ́ ìtumọ̀ wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí èdè Yorùbá àti Faransé ni mo ń kọ́, a sì ti pinnu pé èdè wa ni a ó fi ṣe eré náà. Agbára kò ṣòro. Yíyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a pè ní Ìjáfáfá. Líle ara, tí kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tàbí àìsàn tètè gbé ni dè, ni a pè ní Ìfaradà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹrin. Àwọn tí ó ṣe eré náà ya ọgbọ́n inú ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ọgbọ́n ojú. Wọ́n ní ènìyàn lè ní ọ̀kan kí ó má ní èkejì. (Ẹni tí ó bá ti bá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò gbé yàrá kan náà rí kò ní jiyàn.) A pe ti ìwé ní Ìmọ̀, a pe ti ojú ní Làákàyè. Ẹ̀kẹfà ni ó jẹ́ kí a jókòó títí di agogo mẹ́wàá alẹ́. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tí ó wà lára ènìyàn tí àwọn mìíràn fi ń tẹ̀lé e, tí ó bá lanu tí gbogbo ilé a dákẹ́? Ẹnì kan ní Iyì. Mo ní iyì ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn fún ọ, kò ti inú rẹ wá. Ẹnì kan ní Ẹwà. Ṣùgbọ́n arẹwà wà tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn ni ó ní kí a pè é ní Ẹnu. Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, “Ẹnu dùn-ún ròfọ́,” gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ẹnu ni a kọ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà. Ìwé Ẹ̀gbọ́n, tí ó jẹ́ ti ẹ̀dà karùn-ún tí ó jáde ní 2014, fún olúkúlùkù ní àmì 27 láti fi ra àwọn nǹkan mẹ́fà yìí. 8 ni ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni; 15 ni òkè. 10 ni ti ènìyàn lásán. Àmì kan ni 9, méjì ni 10, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé 13 tí ó jẹ́ àmì 5. Lẹ́yìn èyí ọjà gbówó lórí: àmì 7 ni 14, àmì 9 sì ni 15. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀nba yóò rí ìwọ̀nba gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tayọ níbì kan gbọ́dọ̀ fi ibòmíràn sílẹ̀ kí ó gbẹ.

Mo jókòó ti ìwé yìí ní òru ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, nígbà tí ó yẹ kí n máa ka ìwé ìdánwò. N kò lè sọ fún yín bí ó ti dùn mọ́ mi tó. Èmi tí mo ti ń sá fún ìṣirò láti ilé ẹ̀kọ́ girama wá rí i pé ìṣirò lè jẹ́ ti ẹni. Kíá ni mo ti rí i pé 9 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 27. Mo ra Agbára 15, Ìjáfáfá 15, Ìfaradà 15. Mo fi Ìmọ̀, Làákàyè àti Ẹnu sílẹ̀ sórí 8. Òfin sì gba ẹ̀dá tí ó jẹ́ ọmọ ènìyàn láyè láti fi ọ̀kan kún nǹkan méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Agbára àti Ìfaradà mi ṣe di 16. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ohun tí a ń fi kún dáìsì kì í ṣe iye náà fúnra rẹ̀: 10 àti 11 kò fún ni ní ohunkóhun, 12 àti 13 fún ni ní 1, 14 àti 15 fún ni ní 2, 16 fún ni ní 3, 8 sì ń yọ 1 kúrò. Nítorí náà ẹni tí ó bá dúró sórí 15 ti san owó tí kò rí ọjà gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti 15 gun 16 ti jèrè. Irú nǹkan báyìí ni ó ń jẹ́ kí inú òṣìrò máa dùn ní òun nìkan nínú òkùnkùn.

Mo sọ ọmọ náà ní Apáirin. N kò ronú nípa ìyá rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Ohun ìjà rẹ̀ ni igi gígùn kan tí a ki abẹ ńlá bọ̀ lórí, mo sì fún un ní ọgbọ́n ìjà kan tí ìwé 2014 gbà láyè: kí ó tó ju dáìsì, ó lè yọ 5 kúrò nínú ìjù rẹ̀, bí ó bá sì bá ọ̀tá síbẹ̀, yóò fi 10 kún ọgbẹ́ tí ó dá sí i lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé ìṣirò náà fún yín. Apáirin ní 3 láti inú Agbára, ó ní 2 nítorí pé ó kọ́ṣẹ́ ohun ìjà. Ìyẹn jẹ́ 5. Bí ààbò ara ọ̀tá bá jẹ́ 13, dáìsì gbọ́dọ̀ fún un ní 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìjù 20, 13 ni yóò bá a. Ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ 8 àti ààbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 110 àti ààbọ̀. Bí ó bá wá lo ọgbọ́n rẹ̀, ìjù 8 péré nínú 20 ni yóò bá ọ̀tá, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan di 18 àti ààbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ di 148. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ń tàsé jù ni ó ń pa jù! Ṣùgbọ́n bí ààbò ọ̀tá bá tó 18, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹni tí ó jà ní ọ̀nà gbọọrọ yóò rí 68, ọlọ́gbọ́n yóò rí 55 àti ààbọ̀. (Mo yọ ìjù tí ó bá bọ́ sí 20 gan-an kúrò, nítorí ó ní òfin tirẹ̀.) Mo kọ gbogbo èyí sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ gírámà Faransé mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àṣà àtètèkọ́ṣe. Ní 1974, dáìsì mẹ́ta ni a ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́fà náà, ohun tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ni a ó sì gbà. Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà bọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni 18. Kádàrá ni wọ́n fi ń ta á nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí kádàrá rọ̀ díẹ̀: nínú ìwé Adarí tí Gygax kọ ní 1979, ó gbà kí a ju dáìsì mẹ́rin kí a sì sọ èyí tí ó kéré jù nù. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1977, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Steve Jackson, ti ṣe eré kékeré kan tí ń jẹ́ Melee, níbi tí kò sí dáìsì fún ìṣẹ̀dá rárá: 8 fún agbára, 8 fún ìjáfáfá, àti 8 tí ìwọ fúnra rẹ yóò pín. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó gbé GURPS jáde ní 1986, nínú èyí tí a ti lè ta àbùkù. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, kí a ta àbùkù. Bí o bá ní kí ẹ̀dá rẹ jẹ́ olójú kan, wọn yóò san àmì 15 fún ọ. Bí o bá ní kí ó jẹ́ onínúfùfù, wọn yóò san 10. Ìwọ yóò sì fi owó ojú rẹ ra apá. Abájọ tí wọ́n fi ń fi ààlà sí i, nítorí àwọn kan ìbá ta ara wọn tán pátápátá.

Àwọn òṣìrò tí ó le jù ni àwọn tí ó gbé ayé ẹ̀dà 3.5, tí ó jáde ní 2003. Ìwé òfin pọ̀ nígbà náà débi pé ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi ojú ewé kan so ojú ewé mìíràn tí àwọn tí ó kọ wọ́n kò rò pé yóò pàdé láé. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá Pun-Pun. Kobold ni Pun-Pun, irú ẹ̀dá kékeré tí àwọn jagunjagun fi ń ṣe eré ọwọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin, láìyọ́ kẹ́lẹ́ rú ọ̀kankan, agbára rẹ̀ kò ní òpin mọ́. Kò sí ẹni tí ó ní lọ́kàn láti mú un wá sídìí tábìlì. Mo fẹ́ràn Pun-Pun. Ó dà bí gbólóhùn kan tí gírámà gbà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ jáde lẹ́nu.

Olùkọ́ wa kan ti kọ́ wa ní ìtàn Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ láti inú Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá kí wọ́n tó wá sí ayé. Àwọn méjì yan èyí tí ó tóbi tí ó sì ń dán. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà ṣí. Afùwàpẹ́ ni ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, tí ó rúbọ, tí ó mú iyọ̀ àti owó ẹyọ dání, tí ó sì bá Àjàlá san gbèsè. Ní òru ọjọ́ mẹ́ta yẹn mo gbà pé Afùwàpẹ́ ni mí, ẹni tí ó wádìí kí ó tó yàn. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé Afùwàpẹ́ kò fi ojú ara rẹ̀ yan ohunkóhun. Amọ̀kòkò ni ó bá a yàn án, nítorí amọ̀kòkò ni ó mọ èyí tí ó jinná.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lókè kò jókòó ti ìwé ní òru kankan. Ó ṣe ẹ̀dá tirẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà ń jinná lórí iná: Àbẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò, obìnrin tí ń mọ ìkòkò tí ó sì ń kọrin, tí orin rẹ̀ ní agbára bí ọfọ̀. Agbára 13, Ìjáfáfá 12, Ìfaradà 12, Ìmọ̀ 13, Làákàyè 10, Ẹnu 14. Ó wá fi ọ̀kan kún Ẹnu, ó di 15, ó fi ọ̀kan kún Ìmọ̀. Mo wo ìwé náà, ó dùn mí bí ìgbà tí ènìyàn rí ẹni tí ń ra gààrí láìná an. Mo sọ fún un. Ó ní, “Jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.”

A bẹ̀rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́ṣà mẹ́fà dá wa lọ́nà. Apáirin pa mẹ́rin. Sátidé kejì, ẹranko búburú kan yọ sí wa nínú ihò, Apáirin. Mo ti ṣírò ti Àbẹ̀kẹ́ náà: pẹ̀lú idà tín-ín-rín rẹ̀, nínú ìjù 20 kan náà sí ọ̀tá kan náà, ọgbẹ́ 60 àti ààbọ̀ ni yóò dá, níbi tí èmi ti ń dá 148. Ẹ̀gbọ́n kíyè sí i pé ìjà ti ń rọrùn jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀tá tí ó le wá kí n lè rí ẹni bá jà. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó bá le tó Apáirin, ìlù méjì ni ó fi ń gbé Àbẹ̀kẹ́ lulẹ̀. Bí mo ti ń lágbára sí i ni ayé túbọ̀ ń le fún ẹlòmíràn, n kò sì rí i, nítorí pé èmi kò ṣubú.

Mo ti jiyàn rẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú ara mi bóyá ohun tí mo ṣe burú. Ìrẹ́jẹ kọ́. N kò rú òfin kan. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, a kì í bá ọ̀ta wí nítorí pé ó mọ ọmọ kà. Òpè tí ó jókòó tì í mọ̀ pé jíjẹ ni a ó jẹ òun, ìyẹn gan-an ni ó sì fi ń kọ́ ayò. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ẹni tí ó bá mọ ìṣirò kò lè mọ ìtàn pa. Irọ́ ni, mo mọ àwọn tí ó mọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n nídìí ayò, ẹni tí mo fi agbára mi ṣẹ́gun jókòó ní iwájú mi, òun náà sì fẹ́ ṣẹ́gun mi. Nídìí tábìlì yìí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo wa wà. Ọ̀tá tí mo ń pa kò sí níbì kankan, Ẹ̀gbọ́n kàn ń fẹnu dá wọn ni. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, tí mo sì lè jù, ni àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ní Sátidé karùn-ún, a dé ìlú kan. Agbowó-ibodè bi Apáirin pé kí ni ó gbé sínú àpò rẹ̀. Apáirin, ẹni tí Làákàyè rẹ̀ jẹ́ 8, rò pé olè ni, ó sì bẹ́ ẹ lórí. Èmi ni mo sọ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n mú gbogbo wa lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rẹ́ mi gún ara rẹ̀ sókè lórí àga. Ó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó ti kọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ yóò sọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà wá lọ.

Kí ó tó lanu, mo ti dìde. Mo ti sọ fún yín pé èdè ni mo ń kọ́. Mo bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kí wọn bí a ti ń kí àgbà, mo pa òwe, mo sọ bí Apáirin ti jẹ́ ọmọ òrukàn (n kò mọ̀ ọ́n títí di ìgbà náà), mo bẹ̀bẹ̀, mo rọra fi ìlú náà gún ara wọn. Àwọn tí ó wà ní yàrá kejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ náà dára. Ta ni ó sọ ọ́?”

Mo ní, “Apáirin ni.”

Wọ́n ní, “Ó dáa. Ju dáìsì.” 15 ni wọ́n ń fẹ́. Dáìsì fún mi ní 9; Ẹnu 8 yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Ìjù 5 nínú 20 ni ó lè gbà mí là. Fún Àbẹ̀kẹ́, 10 ni ìbá jẹ́, ìdajì gééré. Ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ mi kò yé àwọn, wọ́n ní kí a lọ wá owó ìtanràn wá, kí amọ̀kòkò náà sì dúró nínú túbú títí a ó fi padà dé. Báyìí ni ọ̀rẹ́ mi ṣe jókòó sídìí tábìlì ní Sátidé kẹfà láìní ohun kan láti ṣe. Ní Sátidé keje kò wá. Ó ní òun ní ìdánwò. A kò ní ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ náà.

Mo lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ní ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà dání. A jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù. N kò tíì mọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé orí túbú ni ó ń bínú sí, mo sì ti ṣírò ọ̀nà tí a lè gbà yọ ọ́ ní alẹ́ kan. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní, “Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, máàkì ni wọ́n fi ń wọ̀n mí. Bàbá mi tilẹ̀ ni ó fi máàkì yan iṣẹ́ tí mo ń kọ́. Mo ń wá sọ́dọ̀ yín kí n lè mọ ìkòkò fún wákàtí mẹ́ta.” Ó bó ẹ̀pà díẹ̀. “Èmi kò bínú pé Apáirin lágbára. Ìwọ ni o ṣírò rẹ̀, o ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ tí o ti ta Ẹnu tìrẹ kí o lè ra apá, ìwọ náà ni o tún gba ẹnu tèmi sọ.”

N kò rí èsì fọ̀. Gbogbo òwe tí mo pa níwájú ìgbìmọ̀, kò sí ọ̀kan tí ó wá sí mi lẹ́nu. Mo tọrọ àforíjì, ní gbólóhùn kan tí kò gún régé.

Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ó ní kí n mú bírò jáde. Ó ní bí Ẹ̀gbọ́n bá gbà, òun fẹ́ tún Àbẹ̀kẹ́ ná, nítorí pé òun náà kò fẹ́ máa ṣubú nígbà gbogbo. Ẹ kò lè mọ bí inú mi ti dùn tó. Mo ní kí ó gbé Ẹnu lọ sí 15 ní àmì 9, kí ó di 16, ó gbà. Ìjáfáfá 14, ó gbà. Ìmọ̀ 8, mo rò pé yóò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní, “Ìyá Àgbà kò kàwé.” Nígbà náà ni mo ní kí ó fi Agbára sílẹ̀ sórí 8, nítorí akọrin kò fi agbára ṣe nǹkan kan nínú òfin eré náà, àmì 5 ni ó ń sun níná.

Ó wò mí. Ìyá àgbà rẹ̀ ń mọ ìkòkò ní Òkèléle ní Ìlọrin títí ọwọ́ fi rọ̀ wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó ní, “Ṣé o ti po amọ̀ rí?” Mo ní rárá. “Ṣé o ti rù ú rí?” Mo ní rárá. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ 13 síbẹ̀ gàdàgbà, ó sì fa ilà méjì sí ìdí rẹ̀.

A ṣírò ohun tí ó kù. Ó pé 27. Mo wá wo ohun tí gbogbo ọgbọ́n mi fi kún un níwájú ìgbìmọ̀ bí irú ìgbẹ́jọ́ yẹn bá tún wáyé: láti ìjù 10 nínú 20, ó di 11.

Mo ní n ó yọ Apáirin kúrò, n ó ju dáìsì mẹ́ta mẹ́ta bí ti 1974 kí n sì gba ohun tí ó bá dé. Kò gbà. Ó ní kí Apáirin dúró, ṣùgbọ́n kí ó máa dákẹ́. Láti ìgbà náà, nígbà tí a bá ti wọ ìlú, gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta ni mo fún un láyè, ó sì ṣòro fún mi ju ìdánwò gírámà Faransé lọ. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ a kún mi lẹ́nu títí n ó fi dìde lọ mu omi. Wọ́n ti dá Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi orin yọ ara rẹ̀, nígbà tí Apáirin dúró lẹ́yìn ògiri tí ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ti ra ìwé tuntun ti 2024, wọ́n sì sọ fún mi pé wọ́n ti mú ọgbọ́n 5 àti 10 yẹn kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti 2014 ni àwa ṣì ń lò.

Ní ti Agbára 13 náà, mo ń ṣọ́ ọ. A ti ṣe eré yìí fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì tíì wúlò fún ohunkóhun, nítorí Apáirin ni ó ń ru gbogbo ìkòkò rẹ̀.